Bí Ìyá Afeezat Ṣe Fò Wá Láti Ìlọrin

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn tó ṣú, gbogbo Ṣàngó-Ọ̀tà ti gbọ́ pé Ìyá Afeezat fò láti Ìlọrin wá sí ibi iṣẹ́. Wọn ò sọ pé ó wọ nǹkan kan wá o. Wọ́n ní ó fò ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi kúrò ní Ìlò-Awẹ́là, obìnrin náà ti tú gèlè, ó ti na ìró rẹ̀ bí ìyẹ́. Nígbà tó máa dé Ojú Ore, ó ti gba òkè Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá débi pé atẹ́gùn rẹ̀ ṣí páànù ilé mẹ́fà. Nígbà tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Èkó fi gbé e dé Ìjòkó, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló fi dé, òjìji rẹ̀ gan-an ò tíì dé, ó ṣì wà ní Ìbàdàn. Àwọn kan tún fi kún un pé ojú èèyàn ló lọ mú wá, pé ojú náà wà nínú báàgì rẹ̀, pé ó ṣì ń ṣẹ́.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá Ìyá Afeezat. Bàdírù ni, bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe garawa àti abọ́ oníke ní òpópó Ìlò-Awẹ́là. Bàdírù kì í ṣe olófòófó. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kì í gba ohunkóhun gbọ́. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo aago kó tó dá yín lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì fún un, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ó tó di ẹni tó ń jókòó sí géètì, ọdún méjìlélógún ló fi wa tírélà ìyẹ̀fun láti Ṣàngó lọ sí Ìlọrin. Kò sí kòtò kan láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò sọ lórúkọ. Èyí tó jìn jù lọ nínú wọn ń jẹ́ orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni Ìlọrin ṣe jìnnà tó, kì í fi kìlómítà dáhùn.

"Obì mẹ́rin," ni á wí. "Mẹ́fà, bí òjò bá rọ̀."

Iye obì tó ń jẹ lójú ọ̀nà kí oorun má baà gbé e lọ nìyẹn. Obì mẹ́rin, wákàtí méje ni. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ wà fún wèrè. Ẹni tó bá wí pé òun fi wákàtí márùn-ún dé, irọ́ ló ń pa, àbí kẹ̀, ó ń lo nǹkan. Lórí ọ̀rọ̀ yìí Bàdírù ti bá èèyàn jà rí nínú ilé ìkómọ, wọ́n sì sọ ọmọ lórúkọ lẹ́yìn wọn láìdúró dè wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ìjókòó tírélà mọ́, ó gba iṣẹ́ géètì. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé. Ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí ti kú láti ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹni tó ń wọlé ti bá a lọ lọ́sẹ̀ kejì, ló bá di pé ìwé ńlá tó wà níwájú Bàdírù nìkan ni kọ́ńpìnì gbà gbọ́. Orúkọ, aago ìwọlé, aago ìjáde, nọ́ńbà ọkọ̀ fún àlejò, àti àyè fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìgbẹ̀yìn tí wọ́n kọ "Àkíyèsí" sí lókè. Òfin ibẹ̀ kò gùn: bí a bá rí orúkọ ẹni tí kò tíì dé nínú ìwé yẹn, ẹni náà á lọ, ẹni tó kọ ọ́ náà á tẹ̀lé e. Bàdírù fẹ́ràn ìwé náà ju fóònù rẹ̀ lọ. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó rí ibi tó ti pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń pẹ́ dé. Ọ̀gá Adébọ̀wálé, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ti lẹ ìwé mọ́ ògiri láti ọjọ́ Ajé: àwọn oníbàárà láti Kútọnu ń bọ̀ wá wo iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ọ̀sán tí kò bá ti wọlé ní aago méjì, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́. Àpọ́nlé, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Afeezat, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń yẹ garawa wò. Á gbé garawa sókè síbi iná, á di ojú kan, ihò tí orí abẹ́rẹ́ kò lè gbà kọjá, ó ti rí i. Àwọn obìnrin abẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bó bá ní ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lọ fọ ẹnu.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù Bàdírù dún. Ògúndèjì ni, tí wọ́n jọ wa tírélà, tó ti wá fi Ìlọrin ṣe ilé.

"Bàdí, mo rí èèyàn yín níbí o."

"Èèyàn wa wo?"

"Obìnrin kan ni, lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ojú. Ó gbé báàgì kọ́ńpìnì yín dání, èyí tí wọ́n ya garawa sí lára. Mo bi í pé ṣé ó mọ Bàdírù, ó ní Bàbá Géètì àwọn ni. Àpọ́nlé ló pe ara rẹ̀."

Bàdírù wo aago. "Ìwọ yìí, Ìlọrin lo wà báyìí?"

"Ibo ni ǹ bá tún wà?"

"Òun náà, Ìlọrin ló wà?"

"Bàdí, ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ni mò ń sọ fún ọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò yìí."

Bàdírù pa fóònù, ó ṣírò. Wákàtí méje lórí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni. Iṣẹ́ obìnrin náà ti bọ́. Ó káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ fi ìka kan àyè ibi tí orúkọ rẹ̀ ì bá wà nínú ìwé, bí ẹni ń fi ọwọ́ kan sàréè.

Ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ọ̀kadà kan dúró níwájú géètì. Ìyá Afeezat bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá Géètì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kọ ọ́ kíá."

Bàdírù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Méjì ni, wọ́n sì kanlẹ̀.

"Ìyá Afeezat, ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìlọrin ni. Ògúndèjì yín ní kí n kí yín."

"Lónìí?"

"Lónìí kẹ̀. Mo kí yín tán nìyẹn."

"Báwo lẹ wá ṣe dé?"

"Mo fò wá ni, Bàbá Géètì." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bí n ò bá fò, ṣé mo lè bá a ni?"

Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ wàrà tí wọ́n fi ewé wé, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé báàgì náà sí igun ilé géètì, torí wọn kì í jẹ́ kí báàgì wọ ibi tí ẹ̀rọ wà, ó sì sáré wọlé bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Bàdírù gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Fò ni obìnrin náà wí. Ẹyẹ ń fò. Ọ̀pọ̀lọ́ ń fò. Tata ń fò. Obìnrin tí àwọn ará àdúgbò kò bá fẹ́ràn náà ń fò. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, èwo ni ó ń dé láti Ìlọrin ní ọ̀sán gangan, tí aṣọ rẹ̀ kò ní eruku?

Ó kọ aago rẹ̀ sílẹ̀, torí ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ó wá wo wàrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wàrà náà rọ̀, ó tutù, omi rẹ̀ ṣì ń kán. Odidi ọdún méjìlélógún ni Bàdírù fi ń gbé wàrà Ìlọrin bọ̀ wá fún ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí kì í kan dé Ṣàngó, débi pé èèyàn lè fi omi rẹ̀ sí bátìrì tírélà kó sì ṣiṣẹ́. Eléyìí kò kan. Bàdírù kò fi kan ẹnu. Ó gbé e fún ológbò tó ń sùn lábẹ́ tábìlì géètì, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyẹ́ máa hù. Títí di òní, bí ẹ bá ṣí ìwé géètì sí ojú ewé ọjọ́ yẹn, ẹ óò rí i lábẹ́ Àkíyèsí: "Ológbò jẹ wàrà ní 2:10. Ní 4:15, ó ṣì wà nílẹ̀."

Ohun tó wá pa á láyà ni èyí tó rí lára báàgì. Bébà funfun gbọọrọ kan ni, ó yí ọwọ́ báàgì náà po, wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ìlà dúdú wẹ́wẹ́ tò sára rẹ̀, òmíràn nípọn, òmíràn tín-ínrín, kò sí ẹni tó lè kà á ní èdè kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà: L, O, S. Bàdírù, ọmọ mùsùlùmí, tó ti so tírà mọ́ dígí tírélà lọ́tùn-ún lósì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Tírà ni. Ó wá igi ìgbálẹ̀ méjì, ó fi fa á já bí ẹni ń mú àkekèé, ó jù ú sínú ọ̀rá.

Ó jáde lọ bá Hàlímọ̀tù, tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Hàlímọ̀tù, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo mọ̀ tí màá sọ fún?" ni Hàlímọ̀tù wí, ó sì ti fa àpótí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ẹni tí wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ojú ní Ìlọrin ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, tó wà níbí kí aago méjì tó lù, kí lo rò pé ó lò?"

"Ta ni?"

"Mi ò dárúkọ o."

"Ìyá Afeezat ni. Mo rí i nígbà tó bọ́ sílẹ̀. Mo ti wí fún ara mi pé ara obìnrin yìí ti silé jù fún ẹni tó rin ìrìn àjò."

"Ó ní òun fò wá ni."

Ṣíbí Hàlímọ̀tù dúró nínú ẹ̀wà. "Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Èmi rò pé kánàkò ni," ni Bàdírù wí. "Àwọn àgbà awakọ̀ máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ká ọ̀nà bí ẹní, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ orí rẹ̀, ìpẹ̀kun rẹ̀ á wá bá wọn."

"Kánàkò tọkùnrin ni, Bàbá Géètì. Obìnrin kì í ká ọ̀nà. Ẹni tó ní òun fò, ẹ jẹ́ kó fò." Hàlímọ̀tù ronú díẹ̀. "Ẹ ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni wọ́n ti rí i? Kí ló lọ mú ní ọsibítù?"

Ìbéèrè ni Hàlímọ̀tù bèèrè. Ẹni mẹ́ta tó ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ ló gbọ́ ọ. Ẹ ti mọ bí ó ṣe dé Ìjòkó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọ̀gá Adébọ̀wálé dúró síwájú géètì, kò bọ́ sínú ọgbà.

"Bàbá, mo gbọ́ pé òṣìṣẹ́ wa kan ti ń fò."

"Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ kì í sọ ọ́?"

"Èmi ò sọ ọ́, sà. Èmi bèèrè ni."

"Ẹ jẹ́ ká fi fífò sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín rí i ní Ìlọrin ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìwé yín ní ó wọ ibí ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo létí gbogbo wa pé wákàtí méje ni Ìlọrin. Ó tó ìgbà mélòó tí mo ti gbọ́ ọ?"

"Ó pọ̀, sà."

"Nígbà náà, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀rẹ́ yín kì í ṣe òṣìṣẹ́ mi, kò sí ohun tó fẹ́ fi irọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin inú ilé, ohun tí Ìyá Afeezat bá ní kí wọ́n sọ ni wọ́n máa sọ. Ó ku ìwé yín." Ó fi ìka gbá ẹ̀yìn ìwé náà pẹ́ẹ́. "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá, níwájú géètì yìí, ẹ̀yin àti òun. Bí ẹ bá kọ orúkọ ẹni tí kò tíì dé, ẹ mọ òfin. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa gba ibí jáde."

Bàdírù jókòó. Ọ̀fìn tó gbẹ́ fún ara rẹ̀ ló wà yìí. Bí ọ̀nà bá jẹ́ wákàtí méje, ìwé rẹ̀ parọ́. Bí ìwé rẹ̀ kò bá parọ́, ọdún méjìlélógún ni ọ̀nà ti fi ń parọ́ fún un. Ó ṣí ojú ewé náà, ó wo àmì ọwọ́ ara rẹ̀ lórí "1:52" láti apá ọ̀tún, ó wò ó láti apá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó wà ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìdáhùn tó rí gbà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí kò kúkú pe Ìyá Afeezat lórí fóònù, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin náà wà nílé fún ìsinmi ọjọ́ méjì. Ó rò ó. Àmọ́ ta ni ó máa pe ẹni tó ń fò, kí onítọ̀hún wá ní kó dúró, òun ń bọ̀ wá bá a nísinsìnyí?

Ojú Ore ló gbà lọ lẹ́yìn iṣẹ́, sọ́dọ̀ Àáfà Sírájúdéènì, tó ti kó àwọn èèyàn lọ sí Mẹ́kà ní ìgbà mọ́kànlá, tó sì mọ tírà ju ẹni tó ń kọ ọ́ lọ. Bàdírù gbé ọ̀rá náà sílẹ̀ lórí ẹní, ó sún sẹ́yìn.

"Àáfà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án o."

Àáfà wọ awò ojú. Ó yọ bébà náà jáde, ó yí i po, ó gbé e síwájú iná.

"Níbo lo ti rí i?"

"Lára báàgì obìnrin kan. Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi yọ ọ́."

"Kí lo kà lára rẹ̀?"

"Lọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òfò ni."

"Àwọn ìlà wọ̀nyí ńkọ́?"

Bàdírù rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti kà wọ́n, Àáfà. Wọ́n lé ní ogójì. Mo rò pé iye àwọn tó ti pa ni."

Àáfà Sírájúdéènì kọ́kọ́ pa ojú rẹ̀ dé. Ìgbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sínú ìkòkò àlùwàlá, ó yọ ọ́, ó tún rẹ́rìn-ín lórí ìyẹn náà.

"Bàdírù. Ìwé bàálù nìyí. Wọ́n máa ń so ó mọ́ ẹrù kó má baà ṣìnà lọ sí ìlú mìíràn. LOS yìí, Èkó ni. Èyí tó kéré yìí, ILR, Ìlọrin nìyẹn. Orúkọ obìnrin náà rèé, wọ́n gé e kù díẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì rèé."

"Bàálù."

"Èyí tó ń gba orí ilé rẹ kọjá ní Ìjòkó lójoojúmọ́ ayé. Kí lo rò pé ó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀?"

Òótọ́ ni pé Bàdírù kò rò ó rí. Bàálù tó ń kọjá lórí Ìjòkó, lójú rẹ̀, ariwo ni. Kò mọ̀ pé èèyàn tó mọ̀ lè wà níbẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń ti Ìlọrin dé?"

"Nínú afẹ́fẹ́? Ogójì. Bó bá pẹ́, márùndínláàádọ́ta."

Bàdírù jókòó sílẹ̀ láìbèèrè. "Àáfà, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi máa ń wá ibi tí màá gbé tírélà sí ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìwọ, títì lò ń bá lọ. Títì lé ní ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, ó gbọ́dọ̀ yà kí Ìbàdàn, kó yà kí Ọ̀yọ́. Lókè, kò ju nǹkan bí òjìlélúgba lọ. Kò sí ẹni tó ń kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tààrà ni."

"Wọ́n ti ká ọ̀nà náà kò nìyẹn."

"Bó o bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá ọ jà."

Bàdírù ká bébà náà, ó fi sínú fìlà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìjòkó. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ìwé rẹ̀ kò parọ́, ọ̀nà rẹ̀ náà kò parọ́, ìyá tó ń fò fò lóòótọ́, kò sì ní ìyẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó débi tó ti máa sọ̀, ọkàn rẹ̀ ti tún ṣírò. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni Ògúndèjì rí i. Bí a bá fi ogójì ìṣẹ́jú lé e, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló dé géètì. Láti aago mẹ́wàá títí di nǹkan bí aago méjì, ibo ni obìnrin yìí wà?

Lánàá, ó tètè dé jù. Lónìí, ó ti pẹ́ jù. Bàdírù kò lè sinmi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló fi jókòó síta pẹ̀lú aago lọ́wọ́, ó ń wo ojú ọ̀run, gbogbo bàálù tó bá kọjá ló ń wò pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí wọ́n ti kún ẹnu géètì. Ọ̀gá Adébọ̀wálé dúró ti tábìlì, ìwé wà níwájú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yẹ garawa wò ti tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Hàlímọ̀tù ti gbé ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ wọ inú ọgbà pátápátá, kò sí ẹni tó rántí lé e. Nígbà tí Ìyá Afeezat wọlé, àwọn tó wà lọ́nà rẹ̀ yà sọ́tùn-ún sósì ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀kan tilẹ̀ wo òkè.

"Ìyá Afeezat," ni ọ̀gá wí, "ṣé ẹ lọ sí Ìlọrin?"

"Mo lọ, sà. Ọjọ́bọ̀ tí mo gba àyè ni mo wọ mọ́tò lọ."

"Ẹ sì padà ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago tó wà níbí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàálù ni mo wọ̀ padà."

Ẹnu gbogbo wọn ṣí. Kì í ṣe pé ó yà wọ́n lẹ́nu. Ó dùn wọ́n ni. Ìyẹ́ ni wọ́n wá wò.

"Ta ló ra tíkẹ́ẹ̀tì?" Hàlímọ̀tù ló bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Afeezat ọmọ mi ni, Hàlímọ̀tù. Ó ní kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n pè é kó wá bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ fi ìwé bàálù náà hàn mí, kí ọ̀rọ̀ parí," ni ọ̀gá wí.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú Ìyá Afeezat yí padà. "Sà, èyí tí mo fi wọlé, mo ti jù ú nù. Ọ̀kan wà lára báàgì mi tó ní orúkọ mi àti ọjọ́ náà. Mo fi báàgì náà sínú ilé géètì níbí. Nígbà tí mo fi máa gbé e, bébà náà kò sí lára rẹ̀ mọ́. Mo ti wá a títí."

Ọ̀gá Adébọ̀wálé mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìwé géètì láti pa á dé.

Ooru mú Bàdírù lórí, lábẹ́ fìlà gan-an. Bó bá dákẹ́, ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ lọ, tòun ti iṣẹ́ obìnrin náà. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á gbọ́ pé bàbá tó ń ṣọ́ ẹrù ni olè ẹrù. Ó wo ológbò abẹ́ tábìlì. Ológbò kò ràn án lọ́wọ́. Ó ṣí fìlà, ó sì yọ bébà náà jáde níwájú gbogbo wọn.

"Sà, ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ní orí yín?"

"Mo rò pé tírà ni, sà."

Ẹ̀rín tó bú jáde débi pé àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ garawa lẹ́yìn géètì dúró. Ìyá Afeezat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Bàdírù, ojú kan dì díẹ̀, bó ṣe máa ń wo garawa. Ọ̀gá Adébọ̀wálé ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi wé ọjọ́ tó wà nínú ìwé.

"Ìwé yín pé, Bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ ṣeun, sà." Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Kò lè dákẹ́. "Ó ku nǹkan kan, sà. Ogójì ìṣẹ́jú ni bàálù ń lò. Láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, ibo ni wọ́n wà?"

Gbogbo ojú tún padà sọ́dọ̀ Ìyá Afeezat. Ó rìn wá síbi tábìlì, ó fa ìwé géètì síwájú Bàdírù, ó fi bírò lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Géètì, ẹ máa kọ ọ́. Abẹ́ Àkíyèsí yẹn. Mo rí i pé ológbò ti wà níbẹ̀."

Bàdírù jókòó, ó mú bírò.

"Ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe ojú ẹnì kan ni mo lọ mú. Ojú ìyá mi ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Méjì ni, wọ́n sì wà lórí rẹ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n tú báńdéèjì àyàfi bí mo bá jókòó síwájú òun, pé ojú mi ni kó jẹ́ ohun tí òun máa kọ́kọ́ rí. Mo lọ. Wọ́n tú u. Ó wò mí, ó ní, 'Ta ni ìyá arúgbó yìí?'"

Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá bá a rẹ́ ẹ.

"Ẹ kọ aago. Mo kúrò ní ọsibítù ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Ààbọ̀ wákàtí ni mo fi dé pápákọ̀. Wọ́n ní bàálù ti fẹ́ gbéra. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń fẹ́ gbéra. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni a lò lókè, kì í ṣe mẹ́ta, ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ará Ìjòkó. Mo dúró de báàgì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Láti Ìkẹjà wá dé ibí, tí kò tó ọgbọ̀n kìlómítà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ẹ rò ó pọ̀."

Bàdírù rò ó pọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, torí ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ó bọ́ sí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ gẹ́lẹ́.

"Ó pé," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dàbí ti ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè. "Ìyá Afeezat, ẹ forí jì mí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ fò."

"Òótọ́ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fagi lé ìyẹn. Ẹ kọ èyí sí i, kí n rí i kí n tó wọlé: èmi ò fò. Bàálù ló fò. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo di ojú mi méjèèjì láti Ìlọrin, n ò sì là á títí a fi balẹ̀."